Jàǹdùkú nìkan kọ́ ló ń sọ Yorùbá ní Bàrígà



Bí mo bá ń wo fíìmù kúkúrú lórí ìwà ọ̀daràn ní ìlú Èkó, ohun kan a máa dùn mí. Ẹnu jàǹdùkú ni Yorùbá ti sábà máa ń jáde. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń wá òtítọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni tirẹ̀. Ṣé èdè wa kò mọ òtítọ́ í wá ni?

N kò sọ pé kò sí jàǹdùkú ní Bàrígà. Ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba. Bàrígà yìí kan náà ni ibùjókòó Crown Troupe of Africa, ẹgbẹ́ òṣèré tí Ṣẹ́gun Adéfilá dá sílẹ̀ ní 1996. Àwọn atẹ̀wé kún Ṣómólú. Létí ọ̀sà, àwọn Ìlàjẹ àti Ègùn ń pẹja, oníkálukú pẹ̀lú ohùn tirẹ̀.

Ní 2014, Ifeoma Chukwuogo darí fíìmù kúkúrú kan, Bariga Sugar. Ilé aṣẹ́wó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ ọ̀rẹ́ àwọn ọmọdé méjì ló gbé síwájú wa. Kò bo ẹ̀gbin mọ́lẹ̀, kò sì fi ẹ̀gbin sọ àdúgbò lórúkọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ eré, ẹ jẹ́ kí olè sọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí wọ́n jà lólè sọ ọ́, kí ọlọ́pàá tó ń tọpa olè náà sì sọ ọ́. Ọmọ Bàrígà tó ń wáṣẹ́ kiri ni orúkọ burúkú àdúgbò ń dá padà lẹ́nu ọ̀nà.