Òfin Nìkan Kò Tó: Èrò lórí Ìfòfindè Oògùn Olóró àti Ojúṣe Olùkọ́

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ oògùn olóró kì í ṣe ohun tí olùkọ́ èdè lè fi sílẹ̀ fún agbófinró àti oníṣègùn nìkan. Ìwádìí kan tí àjọ UNODC ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí ní ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láàrin ẹni ọdún 15 sí 64, ni ó lo oògùn olóró tàbí tí ó ṣi oògùn lò láàrin ọdún kan ní Nàìjíríà. Èyí túmọ̀ sí pé bí a bá kó ènìyàn méje jọ, ọ̀kan nínú wọn kò ní ṣàì wà nínú rẹ̀. Ẹkùn gúúsù ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ilẹ̀ Yorùbá wà, ni ó léwájú gbogbo ẹkùn yòókù: ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni tiwa, ti ìpínlẹ̀ Èkó sì lé ní ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìṣirò yìí jáde lẹ́yìn tí òfin ti de igbó fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń bèèrè pé: ṣé òfin yìí ṣiṣẹ́? Àwọn kan ní kí ìjọba tún mú un le sí i. Àwọn mìíràn ní kí á tú ìdè náà, kí oògùn wọ̀nyí di ọjà tí ìjọba ń ṣàbójútó, tí ó sì ń gba owó orí lé lórí. Èrò tèmi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kò yẹ kí á ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì lódindi. Ó yẹ kí òfin mú ẹni tí ń tà, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń lò ó bọ́ sí ọwọ́ oníṣègùn àti olùkọ́. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, bí wọ́n bá ká igbó mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, lílé ni wọ́n ń lé e.

Èèwọ̀ àti òfin

Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́ Yorùbá bí a ti í ka nǹkan léèwọ̀. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ yàtọ̀ sí òfin ìjọba. Ẹni tí ó ní èèwọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣọ́ ara rẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá tí ń tẹ̀ lé ọmọ ìdílé kan kiri láti wò ó bóyá yóò jẹ ẹran tí ìdílé rẹ̀ kì í jẹ. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún un. Ó gbọ́ ìtàn tí ó bí èèwọ̀ náà. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá ṣèèṣì jẹ ẹ́, ètùtù wà. Lóòótọ́, èèwọ̀ mìíràn wà tí ìjìyà rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni ó gbé púpọ̀ nínú èèwọ̀ ró: ìdí tí a mọ̀, ẹ̀kọ́ tí a kọ́, àti ọ̀nà tí ẹni tí ó kọsẹ̀ lè gbà padà sínú ẹbí.

Òfin tí ó de oògùn olóró ní ìjìyà lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní mẹ́ta wọ̀nyí tó. Ìwọ̀nba ni ọmọ tí ẹnikẹ́ni ti ṣàlàyé fún bí igbó tàbí tramadol ti ń ṣe ọpọlọ. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni “má ṣe é”. Ẹni tí ó bá sì ti ṣe é kò rí ètùtù kankan, àfi ẹ̀wọ̀n àti orúkọ burúkú.

Ẹ̀kọ́ láti ara ògógóró

Ilẹ̀ Yorùbá ti rí irú òfin yìí rí kí ọ̀rọ̀ igbó tó dé. Ní ọdún 1919, àwọn orílẹ̀-èdè amúnisìn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Saint-Germain-en-Laye, nílẹ̀ Faransé, pé wọn yóò dínà mọ́ ọtí líle olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wá sí Áfíríkà, àti pé àwọn aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ máa sè é fúnra wọn. Ìlera ni wọ́n fi bojú, ṣùgbọ́n owó ibodè orí ọtí òyìnbó wà lára ohun tí ìjọba amúnisìn gbójú lé ní Nàìjíríà. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, tí ọtí òyìnbó sì wọ́n gógó, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sè ògógóró láti ara ẹmu ògùrọ̀, pàápàá ní àgbègbè olómi. Ọlọ́pàá fọ́ ìkòkò, wọ́n mú ènìyàn, ilé ẹjọ́ sọ wọ́n sí ẹ̀wọ̀n, síbẹ̀ ògógóró ń tàn kálẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira ni ìdè náà tó tú.

Amẹ́ríkà náà gbìyànjú irú rẹ̀. Wọ́n fi òfin ìpìlẹ̀ de ọtí ní ọdún 1920. Dípò kí ọtí tán nílẹ̀, àwọn jàǹdùkú gba òwò rẹ̀, wọ́n di olówó ńlá, àwọn tí ń mu ún sì ń kú nípa ọtí tí májèlé wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1933, wọ́n tú òfin náà ká.

Bí a bá dúró síbẹ̀, a ó rò pé títú ìdè ni ó dára jù. Ṣùgbọ́n ìtàn ògógóró kò parí sí òmìnira. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú òjijì bẹ̀rẹ̀ ní àgbègbè Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ojú àwọn ènìyàn ṣú, wọn kò ríran mọ́, wọ́n sì kú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Àwọn tí ó kú ju ènìyàn 15 lọ. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ni, ohun olóró tí ó wà nínú ọtí tí wọ́n mu. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ fi ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ tún fi òfin de ògógóró; síbẹ̀ wọ́n ṣì ń tà á. Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ níbí: ìfòfindè kò pa ògógóró run, òmìnira tí kò ní àbójútó sì pa àwọn tí ń mu ún.

Igbó, kokéènì àti kodíìnì

Ní ọdún 1966, ìjọba ológun ṣe òfin pé ẹni tí ó bá gbin igbó lè gba ìdájọ́ ikú, tàbí kí ó lo ó kéré tán ọdún 21 lẹ́wọ̀n. Ní ọdún 1975, wọ́n yọ ikú kúrò. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun mìíràn tún gbé ìdájọ́ ikú dé fún àwọn tí ń ṣòwò kokéènì àti heroin. Ní oṣù kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n dá nígbà tí ìjìyà rẹ̀ kò tíì jẹ́ ikú. Ariwo sọ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1986, wọ́n yí i padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ọdún 1989 ni wọ́n dá àjọ NDLEA sílẹ̀. Nínú òfin àjọ yìí, ẹni tí wọ́n bá ká kokéènì tàbí heroin mọ́ lọ́wọ́ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25.

Kí ni èrè rẹ̀? Títí di òní ni àjọ náà ń sun oko igbó nínú igbó kìjikìji ìpínlẹ̀ Oǹdó, títí di òní ni wọ́n sì ń tún un gbìn. Ní ọdún 2018, lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ BBC tú àṣírí àwọn tí ń ta omi ìkọ́ oní-kodíìnì fún àwọn ọ̀dọ́, ìjọba àpapọ̀ fòpin sí ṣíṣe é àti kíkó o wọlé. Ìgbésẹ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kò dí gbogbo ọ̀nà: tramadol wà lórí àtẹ, ìpara olóró wà, bẹ́ẹ̀ ni omi gọ́tà tí wọ́n ń pò fúnra wọn wà.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bí òfin bá sọ ọjà di ọ̀wọ́n nígbà tí àwọn tí ń wá a kò dín kù, èrè rẹ̀ yóò pọ̀ sí i, ẹni tí kò bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ni yóò sì máa tà á. Kò sí àkọlé lára ọjà abẹ́lẹ̀, ẹni tí ń rà á kò mọ bí ó ti le tó. Bí ara rẹ̀ bá yí padà, kò ní lè lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá. Àwọn àgbà sọ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá; nígbà tí a bá ń kó àwọn ọmọ tí ń fa igbó lábẹ́ afárá, tí àwọn ọlọ́jà ńlá ń sùn nínú ilé aláruru, ẹ̀tẹ̀ ni a fi sílẹ̀.

Àwọn tí ó tú ìdè

Ní oṣù keje ọdún 2001, orílẹ̀-èdè Pọ́túgàl yí ọwọ́ padà. Ẹni tí wọ́n bá bá oògùn tí kò ju ohun tí yóò lò fún ọjọ́ mẹ́wàá lọ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀daràn mọ́. Iwájú ìgbìmọ̀ kan ni wọ́n ń mú un lọ, níbi tí àwọn tí ó mọ òfin àti àwọn tí ó mọ̀ nípa ìlera yóò ti bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè darí rẹ̀ sí ìtọ́jú. Ẹ̀wọ̀n ṣì ń dúró de ẹni tí ń tà á. Láàrin ọdún díẹ̀, àrùn éèdì láàrin àwọn tí ń fi abẹ́rẹ́ gún oògùn olóró sára lọ sílẹ̀ gan-an.

Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà dìbò fún irú ètò yìí ní ọdún 2020. Ṣùgbọ́n wọ́n tú ìdè kí ilé ìtọ́jú tó tó. Àwọn ènìyàn ń lo oògùn ní gbangba, ọ̀pọ̀ kò sì rí ẹni tọ́jú wọn. Ní ọdún 2024, wọ́n tún sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Ìtọ́jú ni ó mú ti Pọ́túgàl dúró; àìtó rẹ̀ ni ó da ti Oregon rú.

Ti àwọn tí ó ní kí á sọ ọ́ di ọjà ńkọ́? Kánádà ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún igbó ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, pẹ̀lú ìwé àṣẹ, àkọlé àti ìdíwọ̀n ọjọ́ orí. Ní ilé wa níhìn-ín, gómìnà Oǹdó nígbà náà, Rótìmí Akérédolú, rìnrìn àjò lọ sí Thailand ní ọdún 2019 láti wo bí wọ́n ti ń gbin igbó fún ìlò ìṣègùn. Ọ̀rọ̀ oko àti oògùn ìwòsàn ni ìyẹn, ó yẹ kí á gbé e yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n kí á sọ igbó di ọjà gbogbo ayé, ó di dandan kí á kọ́kọ́ bèèrè bí a ti ń ṣàbójútó àwọn ọjà tí òfin ti gbà láàyè. Òfin tábà ti ọdún 2015 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ tà á fún ẹni tí kò tó ọdún 18. Kí olúkúlùkù wo ìsọ̀ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé rẹ̀. Ọtí líle inú ọ̀rá kékeré ńkọ́? NAFDAC fòpin sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Ìjọba tí kò rí sìgá ẹyọ kan bójú tó, báwo ni yóò ṣe bójú tó ìsọ̀ igbó?

Ojúṣe wa

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹnu ògiri ni ó yẹ kí á dí. Àìríṣẹ́ṣe, ìbànújẹ́ àti ìfẹ́ láti dà bí ẹgbẹ́ wà lára ohun tí ó la ẹnu náà, òfin kò sì lè dí wọn. Ní ti ìtọ́jú, ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta ń ṣe gudugudu méje, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò tó. Òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023 ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Owó àti òṣìṣẹ́ ni ó kù.

Ní ti ilé ìwé, mo dá a lábàá pé kí á ya akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ta oògùn olóró sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ń lò ó. Kí ẹni tí ń tà á lọ bá òfin. Ẹni tí ń lò ó, tí ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, kí á pe òbí rẹ̀, kí á fà á lé olùdámọ̀ràn ilé ìwé lọ́wọ́, kí á rí i pé ó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, kí ó sì máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Àwọn kan yóò ní àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́, nítorí náà kí á lé e kí ó má ba ti àwọn yòókù jẹ́. Òótọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n bí a bá lé àgùntàn náà kúrò láàrin agbo, ta ni yóò tún máa bá rìn bí kò ṣe ajá? Ọmọ tí ó bá ń wá sí kíláásì ṣì wà níbi tí ojú wa ti tó o.

Àwa olùkọ́ Yorùbá sì ní iṣẹ́ tiwa. A lè fi èdè tí ó yé ọmọ ṣàlàyé ohun tí oògùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe lára, láìparọ́, láìṣe àsọdùn. Bí a bá sọ fún un pé ẹni tí ó bá fa igbó lẹ́ẹ̀kan yóò ya wèrè, tí ó sì rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó fa á tí kò ya wèrè, kò ní gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ mọ́ lórí tramadol. A lè fi èyí sínú ẹ̀kọ́ àròkọ, eré oníṣe àti àríyànjiyàn inú kíláásì.

Ìkádìí

Ìfòfindè nìkan kò tí ì ṣẹ́gun. Títú ìdè nìkan kò sì ní ṣẹ́gun níbi tí àbójútó ti mẹ́hẹ. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni à ń fi í fà á mọ́ra. Ó pẹ́ tí orílẹ̀-èdè yìí ti ń lo ọwọ́ òsì. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń lọ sí ẹnu iṣẹ́ ìkọ́ni, ọwọ́ yín ni ọwọ́ ọ̀tún náà wà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí igbó nínú àpò ọmọ kíláásì yín, kí ẹ tó kọ ìwé tí yóò lé e, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tí ó ti rí i àti ohun tí ó ń lé kiri tí ó fi lọ bá a.