Àṣẹ Kò Lè Dá Nọ́ọ̀sì Ọpọlọ Dúró

Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn wa lórí ọ̀rọ̀ ìlera

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà pàṣẹ pé nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀rí òun fún iṣẹ́ òkè òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún 2 nílé. Àwọn nọ́ọ̀sì tú síta ní Àbújá, wọ́n fẹ̀hónú hàn. Nígbà tó di ìparí oṣù Keje ọdún 2025, ẹgbẹ́ wọn gùn lé ìyanṣẹ́lódì jákèjádò orílẹ̀-èdè nítorí owó iṣẹ́ òru, owó aṣọ iṣẹ́ àti àìtó òṣìṣẹ́. Ohun tó ń lé wọn lọ hàn nínú ohun tí wọ́n béèrè. Àṣẹ ọdún 2024 kò fọwọ́ kan ìkankan nínú rẹ̀.

Wọ́ọ̀dù aláìsàn ọpọlọ ni ìyà àìtó òṣìṣẹ́ yìí pọ̀ sí jù. Oníṣègùn ọpọlọ tó wà nílẹ̀ yìí kò tó 300 fún ènìyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù. Nọ́ọ̀sì àti àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń bá aláìsàn mọ́jú, tí wọ́n ń rí i pé ó lo oògùn, tí wọ́n sì ń rọ ẹni tí inú ń bí. Wọ́n lè fara gbá nínú iṣẹ́ náà, àwọn aládùúgbò sì tún ń fi iṣẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Jikwoyi, àdúgbò kan lẹ́yìn ìgboro Àbújá lójú ọ̀nà Nyanya sí Karshi, fi ibi tí ojútùú wà hàn. Àwọn Gbagyi ló ni ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ilé gbígbé tó wọ́n láàárín ìgboro Àbújá ti sọ ọ́ di ibùgbé òṣìṣẹ́ láti ẹ̀yà gbogbo. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Karu nítòsí. Kí ìjọba gba àwọn tó ń gbé àyíká náà síṣẹ́, kí wọ́n pín nọ́ọ̀sì ọpọlọ sí ilé ìtọ́jú alábọ́dé Jikwoyi, kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ òru má tún há sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Nyanya.

Èyí kì í ṣe àlá. Láti ọdún 1954 ni oníṣègùn ọpọlọ Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn àti ẹbí wọn wọ̀ sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ká ní Abẹ́òkúta, àwọn ará abúlé sì di ara ìtọ́jú. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kíní ọdún 2023 náà fẹ́ kí ìtọ́jú súnmọ́ aráàlú.

Àwọn kan á ní ìjọba ló ná owó sí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì yẹ kí nọ́ọ̀sì náà san án padà. Òótọ́ ni. Àmọ́ àdéhùn ni kí wọ́n fi gbà á, kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́: ìjọba á san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, òun náà á sìn fún iye ọdún tí wọ́n jọ fẹnu kò sí. Kí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ tó gbọ́ Gbagyi tàbí Haúsá ní owó oṣù tó dájú àti ọ̀nà láti di nọ́ọ̀sì. Inú ìwé ìṣúná ni kí àwọn aláṣẹ Àbújá ti bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n kọ owó iṣẹ́ òru àti owó ewu iṣẹ́ sí i, kí wọ́n sì máa san án lásìkò.