Ẹ Má Gbé Linux Àtijọ́ Sórí Kọ̀ǹpútà Tuntun

Mo ti gbọ́ gbogbo àwíjàre tó wà nílẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó wọ̀ mí létí. Ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà kékeré tuntun, tó wá gbé Linux ọdún 2018 sórí rẹ̀, ó fi owó ṣòfò. Tó bá jẹ́ pé oníbàárà ló bá ṣe é, owó olówó ló fi ṣòfò, ìyẹn ló sì tún burú jù.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn tó ń lo processor Intel N100, torí òun ló kún ọjà. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni Intel gbé e jáde. Wáàtì 6 péré ni wọ́n kọ sí i lára, abájọ tí àwọn tó ń lo sólà àti ínfátà ní Èkó àti Ìbàdàn fi fẹ́ràn rẹ̀. Ubuntu 18.04, Linux ọdún 2018 yẹn, ńkọ́? Kernel 4.15 ló bá wá, oṣù kìíní ọdún 2018 sì ni kernel yẹn jáde. Ọdún márùn-ún gbáko ló wà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ inú kernel ni driver ń gbé: òun ló ń bá káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Wi-Fi àti káàdì àwòrán sọ̀rọ̀. Báwo ló ṣe máa mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́?

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ, ó parí, ẹ tan án. Bí ojú kọ̀ǹpútà ò bá ṣókùnkùn pátápátá, àwòrán tó ń gbé jáde á kàn rí wúruwùru. Ẹ wọ Settings. Níbi tó yẹ kó kọ orúkọ Intel sí, llvmpipe ló kọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kernel ò dá káàdì àwòrán mọ̀, processor fúnra rẹ̀ ló wá ń ya gbogbo nǹkan. Ẹ ṣí fídíò kan, ẹ̀rọ á gbóná, fáànù á máa pariwo, iná tí ẹ torí rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà kékeré á sì máa lọ. Ẹ tẹ ip link: “lo” nìkan, tí kì í ṣe káàdì gidi, ló jáde. Ẹ tẹ lspci -k: káàdì Realtek 8125 wà níbẹ̀ gbangba, ṣùgbọ́n ìlà tó yẹ kó sọ driver tó ń lò ò sí lábẹ́ rẹ̀. Kernel 5.4 ni driver káàdì yìí kọ́kọ́ wọ̀. Tí Wi-Fi rẹ̀ bá jẹ́ Intel AX210, ó di 5.10. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni driver wà, ẹ̀rọ ò sì lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí driver.

Ibi tí àwọn tó ń gbé e sórí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ àbùlẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi nomodeset sí i, bẹ́ẹ̀ ńṣe ni nomodeset ń pa iṣẹ́ driver àwòrán kí ẹ̀rọ ṣáà lè tan. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá driver tí ẹ máa fọwọ́ kọ́ sínú kernel, tó bá sì di ọjọ́ tí kernel yí padà, ẹ lè padà sídìí iṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá. Lórí kọ̀ǹpútà ńlá, èèyàn ṣì lè ki káàdì àtijọ́ tí kernel mọ̀ bọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré ò ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Àwíjàre tí wọ́n fẹ́ràn jù ni pé 18.04 ti dàgbà, pé wọ́n ti dán an wò, gbogbo àbùkù rẹ̀ ti kúrò. Lórí ẹ̀rọ wo ni wọ́n ti dán an wò? Lórí àwọn ẹ̀rọ ìgbà tirẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó dán kernel 4.15 wò lórí N100 kó tó jáde, torí kò sí N100 nígbà náà. Àwọn mìíràn á ní Ubuntu fún 18.04 ní kernel tó tún tuntun jùyẹn lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n 5.4 ló parí sí, ọdún 2019 sì ni ìyẹn jáde. Àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé ti dópin lọ́dún 2023. Lóòótọ́, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún Ubuntu Pro ṣì ń rí àtúnṣe ààbò gbà, àmọ́ dídí ihò ni iṣẹ́ ìyẹn. Kì í kó driver ẹ̀rọ tuntun wá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání. Ẹni tó ń kọ́ róbọ́ọ̀tì pẹ̀lú ROS Melodic nílò Ubuntu 18.04, torí òun ni wọ́n ṣe é fún. Ilé iṣẹ́ tó ní ètò ìṣírò owó àtijọ́ lè máà rówó kọ òmíràn. N kò ní kí wọ́n da ètò wọn nù. Ohun tí mò ń sọ ni pé inú ló yẹ kí ètò yẹn wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Òfin kan wà tí Linus Torvalds kì í fi ṣeré: kernel tuntun ò gbọ́dọ̀ ba ètò tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, ẹ gbé Linux tuntun sórí ẹ̀rọ kó máa bójú tó Wi-Fi àti àwòrán, kí ẹ wá fi Docker ṣí 18.04 sínú rẹ̀. ROS Melodic wà ní sẹpẹ́ fún Docker. Tó bá jẹ́ kernel àtijọ́ gan-an lẹ fẹ́, ẹ lo KVM, kí ẹ dá kọ̀ǹpútà sínú kọ̀ǹpútà. Káàdì tí KVM máa fi hàn án, virtio ni, kernel 4.15 sì mọ virtio dáadáa. Kò ní mọ̀ pé orí N100 lòun wà.

Ìwọ̀nba iṣẹ́ ló kù tí èyí ò bá mu, bí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tí kernel rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa darí mọ́tò ní tààrà láìfi ìṣẹ́jú àáyá kankan falẹ̀. Fún irú ìyẹn, ẹ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, kí ẹ ra tòkúnbọ̀ tí òun àti Linux náà jọ jẹ́ ẹgbẹ́.

Ti owó dátà ló kù. Ubuntu 24.04 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6GB, n kò sì ní sọ pé owó kékeré ni. Ṣùgbọ́n netinst ti Debian 13, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 pẹ̀lú kernel 6.12, kò tó 1GB láti bẹ̀rẹ̀. Òfin Linux sì gbà pé kí ẹnì kan gbà á wálẹ̀, kí gbogbo àdúgbò dà á kọ láìjẹ gbèsè ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin tó ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kó owó dátà jọ, kí ẹ gba ọ̀kan wálẹ̀, kí ẹ pa 18.04 rẹ́ kúrò lórí fílàṣì yín. Ẹ̀yin oníbàárà, kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá yín gbé Linux sórí ẹ̀rọ, ẹ ní kó tẹ lspci -k lójú yín. Bí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá ní driver, iṣẹ́ ò tíì parí, ẹ má sanwó.