Irin Tí A Fi Ń Wọ́ Ara



Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ Alásàlátù wa tí kò lè gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá àyà mọ́. Bí a bá fẹ́ wọ ìrun, ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan ni ń lọ sókè. Gèlè, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ń bá a wé e. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní àgbà ni ó dé. Nígbà tí ó yá, ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Amẹ́ríkà fi irin pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́ sí i, irú èyí tí a fi ń wọ́ ara. Wọ́n fi àdí pa èjìká ìyá, ọ̀dọ́mọkùnrin alágbára kan sì bẹ̀rẹ̀ sí fi irin náà ha á. Ní ọjọ́ kejì, láti èjìká dé ìgúnpá dúdú bí aró. Wọ́n ní àrùn náà ni ó ń jáde yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ̀jẹ̀ ni ó dà sábẹ́ awọ. Ìyá yìí sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí ọkàn rẹ̀. Ọlọ́hun ni ó yọ ọ́.

N kò bá irin náà jà o. Fífi nǹkan wọ́ ara kì í ṣe tuntun. Àwọn ará Ṣáínà ti ń fi ìwo ẹfọ̀n tàbí ṣíbí tánganran ṣe é láti ìgbà pípẹ́. Gua sha ni wọ́n ń pè é. Ti onírin yìí di mímọ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1990, láti ọwọ́ David Graston, ẹni tí ó farapa ní orúnkún nígbà tí ó ń fi pákó sáré lórí omi.

Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, bíi àwọn físíò ilé-ìwòsàn, kì í fi agbára ha ènìyàn. Yóò fi òróró pa ibẹ̀, yóò dẹ etí irin sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, yóò sì máa fà á jẹ́jẹ́ lórí iṣan fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ara bá pọ́n díẹ̀, ó tó. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: aláìsàn yóò na apá náà, yóò gbé e, yóò yí i. Tẹ́lẹ̀ rí wọ́n rò pé irin ń já ẹran tí ó ti lẹ̀ mọ́ra lábẹ́ awọ. Àwọn tí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kò rí ẹ̀rí tí ó dájú. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìrora lè rọlẹ̀, kí oríkèé sì túbọ̀ ṣí, fún ìgbà díẹ̀. Nínú ìgbà díẹ̀ yẹn ni kí ènìyàn lo apá rẹ̀. Ẹni tí a wọ́ lára tí ó padà lọ jókòó, kò tí ì ṣe nǹkan kan.

Ẹni tí ó ń lo oògùn bíi ti ìyá wa, ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́, ẹni tí ó ní egbò níbẹ̀, ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tí kò mọ ìrora mọ́, kí ó má jẹ́ kí irin kan òun. Bí ẹ̀yìn ojúgun kan bá wú, tí ó gbóná, ẹ má wọ́ ọ rárá. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀. Ilé-ìwòsàn ni kíá.

Irú èjìká gígan yìí, obìnrin láàrin ọdún 40 sí 60 ni ó sábà máa ń mú, àti àwọn tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó lè gba ọdún kan sí mẹ́ta kí ó tó tú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà ara yín wò pẹ̀lú.

Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin ni físíò, ẹ kọ́kọ́ béèrè obìnrin. Bí kò bá sí, àwọn onímímọ̀ gbà kí ọkùnrin tọ́jú yín nígbà ìnira, kí ẹlòmíràn wà níbẹ̀, kí ẹ má sì ṣí ju ibi tí ó ń dùn yín lọ. Ìrun yín kò bàjẹ́ nítorí ọwọ́ tí kò gòkè. Súnà ni gbígbé ọwọ́.

Ìyá wa ti lọ sí ilé-ìwòsàn. Wọ́n ní kí ó máa kọjú sí ògiri nílé, kí ó máa fi ìka gun ògiri bí alákàn tí ń rìn, kí ó dúró níbi tí ó bá ti fẹ́ dùn ún, kí ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Ó ń fi ẹfun sàmì sí ibi tí ìka bá dé. Àmì mẹ́rin ni ó wà lára ògiri yàrá rẹ̀ báyìí, èyí tí ó ga jù sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀gangan àgbọ̀n rẹ̀.