Ta Ni Ó Yẹ Kó San Owó-Orí Lórí Iyùn Ìyá Àgbà?

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa báyìí, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà sí. Àwọn ohun àtijọ́ tí àwọn òbí wa fi sílẹ̀ nínú àpótí ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń fi owó gidi rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iyùn àti sẹ̀gi ni o, aṣọ sányán àti àlàárì ni o, àwo orin Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé, gíramafóònù, tọ́rọ́ àti sísì ayé òyìnbó, kọ́bọ̀ oníhò, títí kan àníní tí àwọn ọmọ wa kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí náírà ti gba ipò pọ́n-ùn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni irú owó bẹ́ẹ̀ ti wà nínú agolo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lónìí, ẹni tó bá ya fọ́tò wọn sí Facebook tàbí WhatsApp lè rí oníbàárà láti Èkó, àní láti òkè òkun.

Èyí dára. Opó tó ní ohun kan nínú àpótí lè fi san owó ilé-ìwé ọmọ láìyá owó èlé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ìbẹ̀rù ti wọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn kan sì ti rí ọ̀nà jíjẹ nínú ìbẹ̀rù yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpèjúwe. Aláròóbọ̀ kan wọlé tọ màmá kan ní Aramọkọ, ó rí iyùn ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ rà á. Nígbà tí màmá ní kó san owó náà sínú àkáǹtì òun, ó fèsì pé, “Hà, màmá, ẹ má dán an wò o! Ìjọba ti ń wo àkáǹtì gbogbo ènìyàn. Bí owó bá ti wọlé báyìí, wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ gba ₦15,000 yìí lọ́wọ́, kí ẹ tètè fi pamọ́.” Màmá á gbà á, á tún máa ṣàdúrà fún un pé ó gba òun lọ́wọ́ ìjọba. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, iyùn yẹn ti wà lórí fóònù ní ₦150,000. Èmi bi yín, nínú àwọn méjèèjì, ta ni òfin ń wá?

Orúkọ tí a ń pe nǹkan yìí wà lára ohun tó ń dẹ́rù bà wá. Owó-orí! Láyé àwọn baba wa, orí ni wọ́n ń kà lóòótọ́. Ọkùnrin tó bá ti dàgbà yóò san iye kan, yálà kòkó rẹ̀ so tàbí kò so. Ìdí pàtàkì kan nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ fi dìde nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, ní 1968 sí 1969. Tafa Adéoyè àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé àwọn kò lè san iye tí wọ́n bù fún àwọn nígbà tí owó kòkó kò tó nǹkan, ìjọba sì padà bu owó náà kù sí pọ́n-ùn méjì. Àwọn àgbà wa ṣì ń sọ bí ènìyàn ṣe ń sá wọ inú igbó nígbà náà bí wọ́n bá gbọ́ pé agbowó-orí ń bọ̀. Nítorí náà, bí ìyá àgbà bá gbọ́ owó-orí lónìí tí àyà rẹ̀ já, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025 kò ka orí, kò sì sọ pé gbogbo owó tó bá wọ àkáǹtì ni kí a gé lára rẹ̀. Èrè àti owó iṣẹ́ ló ń wò. Ẹni tí gbogbo ohun tó jẹ́ èrè fún un láàárín ọdún kan kò bá ju ₦800,000 lọ kò ní san kọ́bọ̀. Lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé ìyẹn, náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò san. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé 25 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí aláròóbọ̀ yẹn fi dẹ́rù ba màmá. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá kọjá ₦50,000,000 nìkan ni ìyẹn sì kàn, àní lórí èyí tó lé nìkan. Màmá oníyùn dà nínú irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Kò tán síbẹ̀. Òfin náà ya ohun ìní ara ẹni sọ́tọ̀. Bí o bá ta ohun èlò ara rẹ tí iye rẹ̀ kò ju ₦5,000,000 lọ, kò sí owó-orí lórí èrè tó wà níbẹ̀. Mọ́tò tí ènìyàn ń gùn fúnra rẹ̀ náà wà nínú ojú àánú yìí, títí dé méjì lọ́dún. Ẹ sì jẹ́ kí a fi òótọ́ fún òfin tuntun yìí níbi tí òótọ́ bá wà: nínú òfin àtijọ́, ₦1,000 ni ààlà fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Bí ohun tí ènìyàn tà lọ́dún bá ti kọjá ìyẹn, 10 nínú ọgọ́rùn-ún èrè ni ìwé sọ pé kó san. Ẹgbẹ̀rún kan náírà, tí kò ra búrẹ́dì ńlá kan mọ́! Kò sẹ́ni tó wá gbà á lọ́wọ́ ìyá ẹnikẹ́ni ní Ìjerò, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé, ẹni tó bá fẹ́ fi dẹ́rù bani sì lè rí i lò.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn ń rí lára àkáǹtì wọn tí wọ́n fi ń sọ pé ìjọba ti gé owó-orí. ₦50 ni, lórí owó tó bá tó ₦10,000 tí a fi ránṣẹ́ láti bánkì. Kì í ṣe owó-orí èrè rárá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ló ń san án, kì í ṣe ẹni tó gbà á. Nítorí náà, màmá tó gba ₦150,000 sínú àkáǹtì rẹ̀ yóò rí ₦150,000.

Ó wá ku aláròóbọ̀. Ẹ má bínú sí mi, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ inú ìjọ wà nínú iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ tó mọ́ sì ni bí a bá fi òótọ́ ṣe é. Ẹni tó ń ti Aramọkọ lọ sí Ìjerò, tó ń ti Ìjerò lọ sí Ẹ̀fọ̀n, tó ń ra àwo orin àtijọ́ ní ₦3,000 láti tà á ní ₦25,000, òwò ló ń ṣe. Bí kò tilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, bí ó jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló ti ń fi fóònù tajà, òwò ni. Èrè orí òwò kò sì wọ inú àánú ₦5,000,000 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kó yọ owó tó fi ra ọjà, kó yọ owó ọkọ̀, owó dátà, owó páálí àti ti àwọn tó bá a gbé ẹrù lọ sọ́dọ̀ oníbàárà. Ká ní ₦1,400,000 ló ṣẹ́kù fún un ní ọdún kan, tí kò sì ní iṣẹ́ mìíràn. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní nǹkan lórí. Lórí ₦600,000 tó kù, 15 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ₦90,000. Owó ńlá ni, n kò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà tó wà lójúlé kejì, tí owó oṣù rẹ̀ lọ́dún jẹ́ iye kan náà lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ti ìfẹ̀yìntì, ₦90,000 náà ni wọ́n ń yọ lára owó tirẹ̀, kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀ pàápàá. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́.

Àwọn kan á ní àwọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò èrè. Èyí yà mí lẹ́nu o. Nítorí bí ọjọ́ ìdámẹ́wàá bá dé, wọ́n mọ èrè wọn dé orí kọ́bọ̀! Ìwé tí o fi ṣírò ìdámẹ́wàá, òun náà ni kí o fi ṣírò owó-orí. Àwọn mìíràn á bi mí pé kí ni ìjọba fi èyí tí wọ́n ti gbà ṣe. Ìbéèrè gidi ni, n kò ní dá a lẹ́kun, ó sì yẹ kí a máa bi wọ́n lójoojúmọ́. Àmọ́ n kò lè gbà á lẹ́nu ẹni tó ra iyùn opó ní ₦15,000 nípa fífi orúkọ ìjọba kan náà dẹ́rù bà á.

Ọ̀rọ̀ tó le díẹ̀ ni ti baba tó ti ń kó àwo orin jọ láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn nítorí pé ó fẹ́ràn wọn, tó wá ń tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Oníṣòwò ni àbí ẹni tó ń ta ẹrù ara rẹ̀? Lójú tèmi, ẹrù ara rẹ̀ ló ń tà, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ń ra òmíràn láti fi rọ́pò. Ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rà láti tà, ó ti di oníṣòwò. Kó ṣáà máa kọ ohun tó tà àti iye rẹ̀ sínú ìwé, kó lè mọ̀ bó bá ti ń sún mọ́ ₦5,000,000 nínú ọdún.

Nígbà tí wọ́n bi Jésù léèrè nípa owó-orí, kó tó dáhùn, ó ní kí wọ́n mú owó náà wá kí òun rí i. Ó dára kí àwa náà kọ́kọ́ wo owó tó wà níwájú wa, bóyá ojú owó ni tàbí èrè, ká tó máa bẹ̀rù tàbí ká tó máa sá.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn oníjìbìtì pẹ̀lú. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ ra kọ́bọ̀ oníhò yín ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún náírà, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ san owó-orí rẹ̀ sínú àkáǹtì ẹnì kan kí owó tó lè jáde. Irọ́ ni! A kì í san owó-orí lórí èrè tí a kò tíì rí, a kì í sì san án sínú àkáǹtì ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àkáǹtì ìjọba ni a ń san án sí, a ó sì gba rìsíìtì.

Àwọn ìdílé kan máa ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí ọmọ wọn ní òkè òkun kó bá wọn tà á níbẹ̀. Kí ọmọ náà mọ̀ pé òfin ibẹ̀ náà ń wò ó. Ní Bìrìtìkó, láti ọdún 2024 ni àwọn iléeṣẹ́ tí a ti ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú eBay, ti ń gba àkọsílẹ̀ àwọn tó ń tà, tí wọ́n sì ń fi orúkọ ẹni tó bá ta ẹrù 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, tàbí tó gba tó £1,700, ránṣẹ́ sí àwọn agbowó-orí. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ni yóò san. Ẹrù ara ẹni tí a tà ní £6,000 tàbí kó dín kò ní owó-orí, ẹni tó ń ṣòwò náà sì ní £1,000 tí wọn kò ní fọwọ́ kàn lọ́dún. Ti Amẹ́ríkà le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èrè orí irú ohun àkójọ wọ̀nyí tí ènìyàn ti ní ju ọdún kan lọ lè fa owó-orí tó tó 28 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kí a tó fi ẹrù ránṣẹ́ sókè òkun rárá, ẹ jẹ́ kí a mọ irú ẹrù tó jẹ́. Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè kò jìnnà sí wa. Ìdílé Adéṣínà níbẹ̀ ni a mọ̀ mọ́ adé onílẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọba, nínú ìdílé náà sì ni Agbọnbiọfẹ ti wá, agbẹ́gilére tó gbẹ́ òpó ààfin Aláàyè, tó kú ní 1945. Irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lè wà ní ìdílé kan ní agbègbè yìí tí wọn kò mọ̀. Òfin ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ọdún 1979 sọ pé iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ti ṣe kí ọdún 1918 tó dé jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. A kò gbọdọ̀ kó o jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó bá gbé owó wá ló ní ẹ̀tọ́ láti rà á. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti kọjá owó-orí.

Ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ ìjọba kò pọ̀. EKIRS tó ń gba owó-orí fún ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó. Kí wọ́n kọ àwọn iye tí mo kọ sókè yìí ní èdè Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Aramọkọ, ní Ìjerò àti ní Ẹ̀fọ̀n, kí wọ́n sì rán ẹni tó gbọ́ èdè wa wá sọ ọ́ ní ọjọ́ ọjà. Bí ìyá àgbà bá ti mọ ₦800,000 àti ₦5,000,000, yóò nira fún aláròóbọ̀ láti rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe òwò yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Èkìtì, EKIRS ni ẹ ó san tiyín fún, bí oníbàárà yín tilẹ̀ wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀n. Èrè ọdún 2026, ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ ìwé rẹ̀ fún wọn kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2027 tó kọjá. Ìtanràn ẹni tí kò bá kọ ọ́ jẹ́ ₦100,000 ní oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 ní oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e, èyí tó ju ₦90,000 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹ ra ìwé kékeré kan lónìí, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ rà, iye tí ẹ rà á, àti orúkọ màmá tí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀.