Owó Ìtanràn Kì í Wo Ọ̀mùtí Sàn

Ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ tí ń mu paraga tàbí igbó kí wọ́n tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú ni mo gbé dé. Láti Ìlaròó títí dé Ìdíròkò, ẹ mọ̀ wọ́n. Ọkọ yín ni, ọmọ yín sì ni.

Nínú ìwé ìtanràn àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, náírà 5,000 ni ti ẹni tí ó mutí wakọ̀. Ó san án láàárọ̀, nígbà tí ó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti padà sídìí ìgò. Nígbà mìíràn, owó ọjà ìyàwó ni ó fi san án!

Ní Miami, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n dá ilé ẹjọ́ kan sílẹ̀ ní 1989 tí ń rán ẹni tí oògùn ti di bárakú fún lọ gba ìtọ́jú dípò ẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún awakọ̀ ọ̀mùtí. Ẹni tí ó bá sá fún ìtọ́jú, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é. Ó wù mí kí àwọn adájọ́ wa náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní àánú yìí ti pọ̀ jù. Wọ́n na ọ̀mùtí kan níwájú Ànábì wa, ẹnì kan sì ṣépè fún un. Ànábì kọ̀ ọ́, ó ní kí wọ́n má ran Èṣù lọ́wọ́ lórí arákùnrin wọn.

Aro kò jìnnà sí wa, ní Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn àti ẹbí wọn sí abúlé ní 1954. Wọ́n ń tọ́jú ẹni tí oògùn mú níbẹ̀. Ẹ má dúró de adájọ́. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n tí ó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu bá a lọ. (Ẹ̀yin obìnrin wa tí ń ta paraga ní gáréèjì, ọ̀rọ̀ tiyín ń bọ̀ lọ́sẹ̀ mìíràn.)