Ẹ Yéé Pa Àwọn Tó Ń Bọ́ Wa

Ìgbàgbọ́ kan ti mọ́ àwa Yorùbá ìlú Toronto lára: pé àìsàn ni kòkòrò àìfojúrí, ibi yòówù kó wà, àti pé ilé tó mọ́ ni ilé tí a ti pa gbogbo wọn run. Àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ló wá fi òǹtẹ̀ lù ú pátápátá. Látìgbà náà la ti ń da bílíìṣì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sínú síǹkì, sára ohun ìṣeré ọmọ, títí òórùn rẹ̀ fi di òórùn ìmọ́tótó ní imú wa. Irọ́ ni ìgbàgbọ́ yìí, ó sì ń ṣe wá ní jàǹbá.

Ẹ jẹ́ ká tọpa omi tí ẹ fi ṣan bílíìṣì náà dànù. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, páìpù ń gbé e lọ sí Ashbridges Bay, létí adágún Ontario, níbi tí ìjọba ìlú ti ń tún omi ìdọ̀tí àwọn èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ṣe. Iṣẹ́ ta ni? Wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sínú àwọn kòtò kọnkéré gbàràmù-gbaramu, bakitéríà tó ń gbé inú omi náà sì ń jẹ ìgbẹ́, ìtọ̀ àti ọ̀rá wa. Bí wọ́n bá jẹun yó, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á rì sísàlẹ̀, omi tó ti dá á sì máa ṣàn lórí wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ á wá da apá kan ẹrẹ̀ abẹ̀mí náà padà síbi tó ti wá, kí ó tún lọ pàdé ìdọ̀tí tuntun. Kẹ́míkà ń ṣe tirẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí a kórìíra wọ̀nyí ló ń gbé èyí tó wúwo jù nínú ẹrù náà.

Ẹnì kan á ní, Walkerton ńkọ́? Ó tọ́ kó béèrè. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ní Ontario wa níbí, òjò gbá ìgbẹ́ màlúù wọ kànga ìlú kékeré yẹn. Bakitéríà bíi E. coli tó wà nínú rẹ̀ pa èèyàn 7, àwọn tó lé ní 2,300 sì ṣàìsàn. N kò fojú kéré ikú wọn. Ṣùgbọ́n klorínì tó yẹ kó wà nínú omi mímu ni kò tó, àwọn tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn kò sì ṣe é bí iṣẹ́. Inú omi tí èèyàn fẹ́ mu ni apakòkòrò wúlò sí, kì í ṣe ara bèbí ọmọ yín.

Irú E. coli tó ṣọṣẹ́ ní Walkerton, ọ̀kan ni nínú ọ̀pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé inú ìfun èmi àtẹ̀yin láìṣe wá ní nǹkan kan. Wọ́n tiẹ̀ ń bá wa ṣe oògùn. Yunifásítì Toronto ni Frederick Banting àti Charles Best ti ṣàwárí insulin ní 1921, oṣù Kìíní 1922 ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi wo ọmọ ọdún 14 kan tí àtọ̀gbẹ ń pa lọ. Fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, ara màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n pa ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Láti 1982, E. coli tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ ló ń ṣe é fún wa, ìwúkàrà náà sì ń ṣe é. Ìyá yín tó ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ láràárọ̀, kòkòrò àìfojúrí ló ṣe oògùn tó ń gún.

Oúnjẹ wa ńkọ́? Ta ló ń mú ògì kan? Ta ló ń sọ ẹ̀wà igbá di irú? Ẹni tó bá ń rẹ ògì ní Toronto lásìkò òtútù mọ̀ pé kì í tètè kan, àfi tó bá gbé e sún mọ́ ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí ohun abẹ̀mí ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, òtútù sì ń mú wọn lọ́ra. Bí ẹ bá gbin ẹ̀wà sẹ́yìnkùlé, ẹ fa ẹyọ kan tu nígbà tó bá ń tanná. Ẹ ó rí kókó wínníwínní lára gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan: inú rẹ̀ á pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Bakitéríà inú kókó yẹn ń mú naitirojín láti inú afẹ́fẹ́, ó ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ẹ̀wà. Ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ni naitirojín, síbẹ̀ kò sí igi, kò sí ẹran, kò sí èèyàn tó lè dá mú un lò. Kí wọ́n tó dá ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún, àwọn kòkòrò yìí àti mànàmáná nìkan ló ń bá ayé ṣe é. Apá ńlá nínú naitirojín tó wà nínú ẹran ara yín gan-an, ibẹ̀ ló ti wá.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí sì ti wà ṣáájú wa. Ní etí adágún Superior, lẹ́bàá Schreiber, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Stanley Tyler àti Elso Barghoorn rí òkú wọn nínú òkúta tó ti pé nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 1.9, ní 1954 ni wọ́n kéde rẹ̀. Irú wọn tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ ló kọ́kọ́ da ọ́síjìn sínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí.

Nítorí náà, ọṣẹ lásán àti omi tó fún ọwọ́ yín. Ní 2016, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní triclosan nínú ọṣẹ ìfọwọ́ ilé, torí pé àwọn tó ń ṣe é kò lè fi hàn pé ó sàn ju ọṣẹ lásán lọ. Ẹ sì wo inú dúrọ́ọ̀ yín. Kápúsù apakòkòrò tí ẹ kó bọ̀ láti Nàìjíríà, tí ẹ ń gbé mì bí ọ̀fìnkìn bá ti dé, kò lè fọwọ́ kan fáírọ́ọ̀sì tó fa ọ̀fìnkìn náà. Bakitéríà inú ìfun yín, tí ń bá yín lọ oúnjẹ, ló ń pa. Ẹ kó o lọ sí ilé oògùn tó wà ládùúgbò yín. Wọ́n ń gba irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ontario.